Àtimú Kò Le, Àtitú Sílẹ̀ Ló Le: Ọ̀rọ̀ Lórí Èérún Sílíkà àti Èéfín Sìmẹ́ńtì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, mo kí yín o, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí èérún sílíkà tí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì tún ṣe kí ó lè máa gba afẹ́fẹ́ carbon dioxide mọ́ra. CO2 ni n ó máa pè é, bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ahọ́n mi lè sinmi.

Abẹ́òkúta la wà, n kò sì ní í rìn jìnnà kí n tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá. Ẹ forí lé ọ̀nà Èkó, ẹ ó kan Ewékorò. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀, nítorí pé òkúta ẹfun pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Ó wà ní Ṣágámù náà. Ó wà ní òdìkejì ibodè, ní Onigbolo ní ilẹ̀ Benin, àwọn náà sì ń fi tiwọn ṣe sìmẹ́ńtì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gáàsì tàbí èédú tí wọ́n ń dá sí iléru sìmẹ́ńtì nìkan ló ń mú CO2 jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta gan-an ló ń tú èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Bí ẹ bá kó 100 kílò òkúta ẹfun tó mọ́ sínú iná tó tó 900 digirí, nígbà tí ó bá jinná, 56 kílò péré lẹ ó bá nínú iléru. 44 kílò yòókù ti di CO2, ó ti gba ojú èéfín lọ. Ẹ yọ gáàsì kúrò, ẹ fi iná mànàmáná dáná, ẹ tiẹ̀ fi oòrùn dáná, 44 kílò yẹn á ṣì jáde, torí pé inú òkúta ló wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí sìmẹ́ńtì nìkan fi ń kó bí ìdá 7 tàbí 8 nínú 100 gbogbo CO2 tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run. Ẹni tó ní kí á má jó èédú mọ́ lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ní kí á má sun òkúta ẹfun mọ́, àfi kí ó sọ ohun tí a ó fi kọ́lé fún wa.

Ojú ọ̀run sì ti ń kún. Ní 1958, Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn CO2 lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nínú mólékù afẹ́fẹ́ 1,000,000 nígbà náà, bíi 315 ni CO2. Lónìí ó ti lé ní 420. Kí àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú rẹpẹtẹ, bíi 280 ni. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí, ẹ̀yin tí ẹ ń dáko mọ̀ bí òjò ṣe ń ṣe sí yín.

Ìbéèrè tó gbé mi wá ni pé, ṣé a lè dá CO2 dúró lẹ́nu ihò èéfín kí ó tó di ti gbogbo ayé? A lè ṣe é, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 1930, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ R. R. Bottoms gba ìwé àṣẹ ohun àwárí ní Amẹ́ríkà lórí fífi amine fọ CO2 kúrò nínú gáàsì. Ìdílé ńlá ni amine nínú kẹ́místrì, náítírójìn ni orí wọn. Òórùn wọn kò dára: ẹni tó bá ti kọjá níbi ẹja tó ti sùn síta ti gbọ́ òórùn amine rí. CO2 fẹ́ kan díẹ̀, ó ní ìwà ásíìdì. Amine ní ìwà tó tako ásíìdì. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n á dì mọ́ra. Bí ẹ bá mú wọn gbóná, wọ́n á jáwọ́ lára wọn. Gbogbo òwò náà kò ju ìyẹn lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á po amine, bí 30 nínú 100, mọ́ omi, wọ́n á máa dà á wálẹ̀ láti òkè òpó gíga kan bí èéfín ṣe ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Omi náà á gba CO2, wọ́n á fà á lọ sí òpó kejì, wọ́n á sè é títí á fi gbóná tó bí 120 digirí, CO2 á jáde, omi á padà sẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Boundary Dam ní Kánádà láti 2014, lára ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tó ń jó èédú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Brevik ní Norway, èyí tó yẹ kí á tẹ́tí sí jù, nítorí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ni. Oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n ṣe é kí ó lè máa mú 400,000 tọ́ọ̀nù CO2 lọ́dún, ìyẹn bí ìdajì ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń tú jáde. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o lọ sí Øygarden ní etí òkun Norway, níbi tí wọ́n ti ń fi páìpù tì í sínú àpáta tó jìn tó 2,600 mítà sábẹ́ ìsàlẹ̀ òkun.

Kí ló wá kù? Owó iná ni. Nínú 100 kílò omi amine yẹn, 70 kílò jẹ́ omi lásán tí kì í mú ohunkóhun, ṣùgbọ́n ẹ ó sè é pẹ̀lú rẹ̀, apá kan rẹ̀ á tún di oru. Láti tú tọ́ọ̀nù CO2 kan sílẹ̀ lọ́nà yìí, iná tó máa ń gbà jẹ́ gigajoule 3 sí 4. Ìwọ̀n agbára ni gigajoule, ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ megajoule 1,000. Kí ó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á fi dísẹ́ẹ̀lì ṣírò rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ iye dísẹ́ẹ̀lì níbí. Lítà kan ní nǹkan bíi megajoule 36 nínú. Gigajoule 3.6 jẹ́ 100 lítà. Jíjó 100 lítà dísẹ́ẹ̀lì sì ń tú CO2 tó tó 268 kílò jáde. Ẹni tó bá fi dísẹ́ẹ̀lì ṣe iṣẹ́ yìí, bó ṣe ń kó tọ́ọ̀nù kan síbí ló ń da èyí tó lé ní ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan sọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí ní Brevik wọ́n fi ń lo ooru tó ń ṣòfò lára iléru fúnra rẹ̀.

Bí a bá lè yọ omi kúrò nínú ọ̀ràn yìí ńkọ́? Bí amine bá lè jókòó sára nǹkan gbígbẹ, tí ooru kò ní ṣòfò lórí sísè omi? Ibẹ̀ ni sílíkà ti wọlé.

Sílíkà kì í ṣe àjèjì. Iyanrìn ni. Èyí tó funfun kinniwin ní Igbókòdá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tó dára fún gíláàsì, sílíkà ni. Ó wà nínú ọṣẹ ìfọyín, ó wà nínú táyà mọ́tò. Ṣùgbọ́n iyanrìn odò kò lè ṣe iṣẹ́ tí à ń wí, nítorí kò ní inú. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi lẹ̀ mọ́ ọn, ìta rẹ̀ náà ni á mọ. Ohun tí a ń wá ni sílíkà tó kéré gan-an, tó sì ní ihò jákèjádò.

Mìlímítà kan tó wà lórí rúlà yín, ẹ pín in sí ọ̀nà 1,000,000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nanometre. Ní 1968, Werner Stöber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà kan hàn láti ṣe èérún sílíkà róbótó-róbótó tó dọ́gba: èròjà olómi kan tí wọ́n ń pè ní TEOS, omi, ọtí ethanol àti ammonia, ẹ pò wọ́n, ẹ rò wọ́n, èérún á máa hù nínú rẹ̀ títí omi náà á fi funfun bíi wàrà. Ọ̀nà yìí rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò ó títí dòní.

Ihò inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ní 1992 ni àwọn òṣìṣẹ́ Mobil ní Amẹ́ríkà kéde sílíkà oníhò kan tí wọ́n pè ní MCM-41. Wọ́n lo èròjà kan tó ń hùwà bí ọṣẹ. Bí ó bá pọ̀ tó nínú omi, mólékù rẹ̀ máa ń kó ara wọn jọ di ọ̀pá tín-ín-rín, ọ̀pá wọ̀nyí á tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Sílíkà á dì yí wọn ká. Nígbà tí wọ́n bá wá fi gbogbo rẹ̀ sínú iná tó tó 550 digirí, ọṣẹ á jó dànù, ihò gbọọrọ-gbọọrọ á kù níbi tí ọ̀pá wà, ihò kan sì fẹ̀ tó bíi nanometre 2 sí 10. CO2 fúnra rẹ̀ kò fẹ̀ ju 0.33 lọ, nítorí náà ààyè gbà á dáadáa. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ epo ló ṣe é. Ohun tí wọn ó fi máa fọ́ epo rọ̀bì tó nípọn ni wọ́n ń wá. Kò sí ẹni tó ń ro CO2. Ní 1998, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì tó wà ní Santa Barbara, California, tún ṣe SBA-15, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ sí i, tí ògiri rẹ̀ sì nípọn sí i. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ògiri yẹn, a ó padà síbẹ̀.

Gíráàmù kan MCM-41, tó lè kún ṣíbí ìmutí tíì kan, bí ẹ bá tẹ́ ògiri inú ihò rẹ̀ sílẹ̀, á tó bí 1,000 mítà onígun mẹ́rin. Plọ́ọ̀tì ilẹ̀ méjì, 50 ní 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tó o. Ilẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ wà nínú ṣíbí tíì.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ lásán ni. Sílíkà tí a kò fi nǹkan kan sí nínú kò fẹ́ràn CO2 rárá. Bí ibi tó wà bá gbóná, kì í gba ohun tó tó gíráàmù 1 lórí 100. Àfi kí á kó olùgbé sínú ilẹ̀ náà, olùgbé náà ni amine. Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀.

Àkọ́kọ́ ni kí á rọ amine sínú ihò. Ní 2002, Xiaochun Xu, Chunshan Song àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà mú amine kan tó gùn, tó ní ẹ̀ka púpọ̀, PEI ni wọ́n ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí. Ó ki, ó ń fà. Wọ́n yọ́ ọ nínú ọtí methanol, wọ́n da MCM-41 sí i, wọ́n rò ó, wọ́n jẹ́ kí ọtí gbẹ. PEI wọ inú ihò lọ, ó dúró síbẹ̀. Nígbà tí ìdajì ìwọ̀n ohun tó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ PEI, gíráàmù 100 rẹ̀ gba bíi gíráàmù 11 CO2. Wọ́n sọ ọ́ ní agbọ̀n mólékù. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú iṣẹ́ náà ni pé gíráàmù PEI kan nínú ihò ń mú ìlọ́po méjì ohun tí gíráàmù PEI kan ń mú bí ó bá dá wà nínú abọ́. Amine kan náà ni, kò sí ohun tí wọ́n fi kún un. Títẹ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sórí ògiri ló fa ìyàtọ̀: CO2 lè dé ibi tí kò lè dé tẹ́lẹ̀.

Ohun kejì tó yani lẹ́nu ni ti ooru. Gbogbo ohun tó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí ẹ bá ṣe ń mú un gbóná sí ni ohun tó ń mú á máa dín kù. Ti èyí yàtọ̀: ní 75 digirí ló mú jù, ó ju bí ó ṣe ń mú nígbà tí ó tutù lọ. Ìdí ni pé nígbà tí PEI bá tutù, ó dì. CO2 tó kọ́kọ́ dé á so mọ́ àwọn amine tó wà lẹ́nu ihò, ẹnu ihò á sì dí, àwọn tó wà nínú kò ní rí nǹkan kan mú. Ooru díẹ̀ á mú kí PEI dẹ̀, kí CO2 lè rápálá wọlé. Bí ooru bá wá kọjá ààlà, ìdè tó wà láàárín wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Èéfín sìmẹ́ńtì gbóná dáadáa nígbà tó ń jáde, nítorí náà 75 digirí kò ṣòro láti rí.

Ọ̀nà kejì ni kí á so amine mọ́ ògiri pátápátá. Wọ́n ń lo èròjà kan tí ń jẹ́ APTES: apá kan rẹ̀ ní sílíkónì, á dì mọ́ ògiri sílíkà, apá kejì ní amine, á kọjú síta. Èyí kì í ṣí kúrò, omi kì í fọ̀ ọ́ dànù, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú kò pọ̀ tó ti PEI. Ọ̀nà kẹta wà tí Christopher Jones àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Georgia Tech gbé jáde ní 2008, kí amine máa hù láti ara ògiri bí ẹ̀ka igi, ṣùgbọ́n èròjà tí wọ́n fi ń hù ú jẹ́ májèlé, n kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ dán an wò níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ tó péye.

Báwo ni a ṣe ń mọ iye tó mú? Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín, nítorí ibẹ̀ ni àrékérekè wà. Ẹ mú ìyẹ̀fun náà, ìyẹn èérún sílíkà tí a ti rọ PEI sí, mílígíráàmù 10 péré, kò tó ohun tó máa bo èékánná. Ẹ gbé e sínú àwo kékeré tó so rọ̀ mọ́ òṣùwọ̀n nínú ààrò kékeré kan. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí náítírójìn máa fẹ́ sí i ní bí 100 digirí. Ìwọ̀n rẹ̀ á máa wálẹ̀: omi inú afẹ́fẹ́ àti CO2 tó ti gbà sára nínú láàbù ló ń jáde. Nígbà tí ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà bá dúró gbọnrangandan, ẹ mú un wá sí 75 digirí, ẹ yí gáàsì tó ń fẹ́ sí i padà sí CO2. Ìlà náà á fò sókè. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó máa mú. Yòókù á máa rá wọlé díẹ̀díẹ̀. Mílígíráàmù 10 á di 11 ó lé díẹ̀. Ẹ yí gáàsì náà padà sí náítírójìn, ẹ mú un gbóná, ìlà á wálẹ̀ padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún un ṣe nígbà mẹ́wàá, ẹ kọ ìwé, ẹ gba oyè.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Náítírójìn tí ẹ fi gbá CO2 jáde yẹn, kí ni ẹ rí gbà? CO2 tó pò mọ́ náítírójìn ni. Irú àdàlù bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú èéfín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀! Kò sí ẹni tó máa gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín láti rì í mọ́lẹ̀. Àríwísí mi lórí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí ìyẹ̀fun yìí nìyẹn. Wọ́n á fi iye tó mú dárà, wọ́n á sì fi ọ̀nà tó rọrùn jù, tí ilé-iṣẹ́ kankan kò lè lò, tú u sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé iye tí ìyẹ̀fun ń mú kọ́ ló yẹ kí á kọ́kọ́ bi í léèrè. Báwo ló ṣe ń tú u sílẹ̀, ìgbà mélòó ló sì lè ṣe é kí ó tó rẹ̀ ẹ́?

Ẹ wo ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ lè gbà tú u. Ó lè mú ìyẹ̀fun gbóná kí ó sì jẹ́ kí CO2 tó ń jáde máa kó ara rẹ̀ lọ. Èyí dára létí, ṣùgbọ́n nínú CO2 gbígbẹ tó gbóná, amine tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn máa ń dì mọ́ CO2 lọ́nà tí kò ní tú mọ́, wọ́n á di urea, ìdílé kan náà pẹ̀lú ajílẹ̀ tí ẹ ń rà. Amine tó bá ti di urea ti fẹ̀yìn tì. Ní 2010, Abdelhamid Sayari àti Youssef Belmabkhout ní yunifásítì Ottawa ní Kánádà fi hàn pé bí ọ̀rinrin bá wà nínú gáàsì náà, ewu yìí máa ń lọ. Nítorí náà omi tí à ń sá fún, díẹ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ọ̀nà kejì ni oru omi: á mú ìyẹ̀fun gbóná, á gbá CO2 jáde, a ó sì mú oru náà tutù kí ó padà di omi, CO2 á sì dá wà. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí jù. Àmọ́ oru omi ló ń ba ògiri MCM-41 jẹ́, torí pé ó fẹ́lẹ́. Ihò á wó, PEI á sì há síbi tí CO2 kò lè dé. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ rántí ògiri SBA-15 nìyẹn. Ọ̀nà kẹta ni kí á fa afẹ́fẹ́ jáde nínú àgbá náà. Iná mànàmáná ni yóò jẹ, ẹ sì mọ bí a ti ń rí iná mànàmáná. Ní Japan, Kawasaki gbé ẹ̀rọ kan sí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Maizuru láti dán ohun líle oníhò tí wọ́n fi amine sí wò, oru omi tí kò ju 60 digirí lọ ni wọ́n fi ń tú u. 60 digirí! Ooru tí ilé-iṣẹ́ ń dà nù lásán lójoojúmọ́ gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìgbà mélòó. Ẹ bá mi ṣírò. 400,000 tọ́ọ̀nù ti Brevik lọ́dún jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù 46 ní wákàtí kan. Ká ní ìyẹ̀fun wa mú gíráàmù 11 lórí 100 ní láàbù. Nínú èéfín gidi, tí a sì gbọ́dọ̀ tètè tú u, ẹ jẹ́ kí á ní 5 là ń rí lò nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí ìyípo kan, mímú àti títú, bá gba wákàtí kan, ìyẹ̀fun tí a nílò jẹ́ 920 tọ́ọ̀nù. Ọkọ̀ tírélà tó ń kó 30 tọ́ọ̀nù máa lọ bíi 31 ìgbà. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kì í bẹ̀rù ẹrù. Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà wọ́n ni pé ìyípo lọ́dọọdún jẹ́ 8,760. Bí ìyẹ̀fun bá ń pàdánù ìdá 1 péré nínú 1,000 agbára rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ohun tí òṣùwọ̀n inú láàbù lè má tiẹ̀ rí, lẹ́yìn 1,000 ìyípo, agbára tó kù kò ju ìdá 37 nínú 100 lọ. 1,000 ìyípo, ní wákàtí kan-kan, jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ta ló fẹ́ ra 920 tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun lọ́sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà? Ìwé tó ń dá fáàrí pé òun ti dán ìyẹ̀fun wò nígbà mẹ́wàá, inú mi kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn sí i.

Kí ló ń fa àárẹ̀ náà? Mo ti sọ urea, mo ti sọ ògiri tó ń wó. Ọ́síjìn wà nínú èéfín, ó sì ń jẹ amine, pàápàá bí ìyẹ̀fun bá ṣì gbóná. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó tutù díẹ̀ kí ẹ tó ṣí èéfín sí i. Èyí tó burú jù ni SO2, afẹ́fẹ́ tó ń wá láti ara sọ́fọ̀ inú èédú àti inú òkúta. Ásíìdì tó le ju CO2 lọ ni, tó bá gba àyè lára amine, kì í fẹ́ dìde mọ́. Àfi kí á fọ èéfín mọ́ kúrò nínú SO2 kí á tó gbé e wá síwájú ìyẹ̀fun. Eruku iléru náà ńkọ́? Èyí tó ń bo ewé igi ní agbègbè ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, ẹ má jẹ́ kí ó dé ibi ihò nanometre 10.

Ìyá kan níwájú níbí ti béèrè kí n tó bẹ̀rẹ̀ pé ṣé ohun tó wà lọ́wọ́ wa lè ṣe é. Ó lè ṣe é, ma. Ẹ wo èèpo ìrẹsì. Ìdá 20 nínú 100 ìrẹsì tí a kó wọ ilé ìfọ̀ ìrẹsì ni èèpo. Bí ẹ bá jó èèpo náà, bí ìdá 20 rẹ̀ á kù di eérú, ó sì wọ́pọ̀ kí ìdá 85 sí 95 nínú eérú yẹn jẹ́ sílíkà. Èèpo tó ń gorí ara wọn lẹ́yìn ilé ìfọ̀ ìrẹsì Ọ̀fàdà tàbí ti Ìgbẹmọ, sílíkà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ sè é pẹ̀lú kọ́stíìkì sódà, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń rà, sílíkà á yọ́ sínú omi. Ẹ fi ásíìdì mú un dì padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èròjà bí ọṣẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní MCM-41. Àwọn onímọ̀ ti ṣe é lóríṣiríṣi ibi. Ẹ kàn kíyè sí iná tí ẹ ń dá: bí ó bá gbóná jù, sílíkà náà á di kírísítálì, kò ní yọ́ dáadáa mọ́, eruku rẹ̀ sì burú fún ẹ̀dọ̀fóró, irú àìsàn tí àwọn tó ń fọ́ òkúta máa ń ní. Nǹkan tó máa náni lówó jù kì í sì í ṣe sílíkà. Amine ni, àti èròjà bí ọṣẹ tí a ń jó dànù lẹ́yìn tí ó bá ti ṣiṣẹ́ tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ka ìròyìn Iceland lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa fẹ́ bi mí nípa gbígba CO2 láti inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Wọ́n ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Climeworks ṣí ẹ̀rọ Orca níbẹ̀ ní 2021, wọ́n ní ó lè mú 4,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Wọ́n ṣí Mammoth ní 2024, tí wọ́n kọ́ fún 36,000. George Olah, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1994, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles ti fi hàn ní 2011 pé PEI lórí sílíkà lásán, irú èyí tó rọrùn láti rà, lè ṣe iṣẹ́ náà. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nínú afẹ́fẹ́, CO2 jẹ́ mólékù kan láàárín bíi 2,400. Nínú èéfín sìmẹ́ńtì ó lè jẹ́ ọ̀kan láàárín mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó ń ṣe tọ́ọ̀nù 1,000,000 lọ́dún ń tú nǹkan bí 600,000 tọ́ọ̀nù CO2 jáde, ìyẹn ju iṣẹ́ ọdún kan Mammoth ní ọ̀nà mẹ́rìndínlógún lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnu ihò èéfín bá ṣì ṣí sílẹ̀, mi ò rí ìdí tí a ó fi máa lépa ohun tó ti sá jáde tán.

Olùkọ́ kan gbé ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sí mi báyìí: bí ìyẹ̀fun bá ti rẹ̀ tán, ibo la fẹ́ dà á sí? Ìbéèrè tó dára ni, sà. Amine ló ń kú nínú rẹ̀, sílíkà kì í kú kíákíá. Bí ògiri bá ṣì dúró, ẹ lè fi gbogbo rẹ̀ padà sínú iná tó tó 550 digirí, irú èyí tí a fi jó ọṣẹ kúrò níbẹ̀rẹ̀. Amine tó ti bàjẹ́ á jó dànù, ihò á ṣí, ẹ ó sì rọ PEI tuntun sí i. Èéfín tó bá jáde nígbà náà gbọ́dọ̀ gba ibi tí wọ́n á ti fọ̀ ọ́, nítorí náítírójìn inú amine máa ń di gáàsì tí kò dára fún imú. Sísọ SO2 nù lọ́nà yìí kò sì dájú bíi ti amine, ó sinmi lórí iye tó ti kó sínú ihò. Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ SBA-15 ju MCM-41 lọ nìyẹn: ògiri tó nípọn ló lè wọ iná lẹ́ẹ̀kejì kí ó sì jáde lódindi.